Ìyá Ramlah àti Abẹ́rẹ́ Ẹ̀ẹ̀mẹrin Lójúmọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mú inú Ismaheel dùn, àgbẹ̀ kaṣú kan ní Òkákà, ẹ bi í nípa ìyàwó rẹ̀.

Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí Àdìjátù, Ìyá Ramlah, máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ nítorí àtọ̀gbẹ, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á gún ọmọ ìka, á wo ṣúgà ara rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ níkùn láìfajú ro. Ismaheel, tó ń sá fún abẹ́rẹ́ ibà, á kàn lanu sílẹ̀. “Obìnrin yìí mà láyà o!”

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Àdìjátù gba abẹ́rẹ́ nílé, ó di ẹ̀kọ dání, ó ní òun á jẹ ẹ́ lóko. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kaṣú ti bọ́ sílẹ̀ yamùrá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kóró, wọ́n ń da èso nù.

“Ẹ jẹ́ n ṣa ìdí igi yìí tán kí n tó jẹun,” Àdìjátù ní. Igi kan di mẹ́ta.

Àfi bó ṣe jókòó lójijì. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Bàbá Ramlah, ẹ fún mi ní nǹkan dídùn.”

“Nǹkan dídùn kẹ̀? Ìwọ? Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?”

Kò pẹ́ tí Àdìjátù fi ń sọ ìsọkúsọ. Ismaheel figbe ta sí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Ìyẹn sáré dé.

“Ó ti gba abẹ́rẹ́? Ó ti jẹun?”

Ismaheel wo ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. “Kò tíì jẹun o.”

“Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù! Ó ṣì lè gbé nǹkan mì. Ẹ fún omi kaṣú yẹn sínú ife, kíá!”

Èso tí wọ́n ń dà nù náà ni Ismaheel ń fún, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Àdìjátù mu ún. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

“Ta ló fún ẹ̀yin náà lábẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń làágùn báyìí?” ló bi ọkọ rẹ̀, ó sì tú ẹ̀kọ rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, kó kúkú pa abẹ́rẹ́ yìí tì,” Ismaheel ní.

“Ẹ má dán an wò! Òun ló ń bá a dáàbò bo ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, bí oúnjẹ bá pẹ́ tàbí tí iṣẹ́ bá pọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ṣúgà kì í wọ́n ní àpò Ismaheel.

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ akọni ni ẹni tó ń gba ínsúlíìnì lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó dá a ṣe. Bó bá ti gba abẹ́rẹ́ tó máa ń ṣáájú oúnjẹ, kó jẹun lásìkò. Kó má dá abẹ́rẹ́ dúró láìbi dókítà. Bó bá dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ní kí ẹ fún òun ní nǹkan dídùn, ẹ fún un. Ẹ má bá a jiyàn.