Ohun tí Gbémiga Rí Lójú Sánmà

Ọjọ́ tí Mọ́láyọ̀ kọ́kọ́ pàdé Gbémiga, ẹ̀rín ló fi í rín. Gbémiga wá to sólà sórí òrùlé ilé ìwé tí Mọ́láyọ̀ ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Lotto. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi, ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lórí òrùlé kan ní Ibogun, òun rí nǹkan roboto kan tó ń tàn yòò, tó dúró sójú kan lókè láìdún, kó tó ṣí lọ fìrí. Ó ní ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn ni.

Mọ́láyọ̀ ní dírónù àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ni.

Gbémiga kò bínú. “Tíṣà, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú mi ló rí i, ẹnìkan ò sọ fún mi.”

Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ló kó sí Mọ́láyọ̀ lórí. Kí ọdún tó yí, ìfẹ́ ti dé. Gbémiga ń pè é ní “aláìgbàgbọ́ mi”, òun náà ń pè é ní “awòràwọ̀ mi”, wọ́n á sì jiyàn ọkọ̀ náà títí ẹ̀rín á fi pa wọ́n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó ni ẹ̀rín tán. Ẹbí ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí: ṣé kò sí olè, ṣé kò sí wèrè nílé ọkọ? Àǹtí Kòfowórọlá, àbúrò bàbá Mọ́láyọ̀, ló lọ sí Ibogun tí ilé Gbémiga wà. Ó ní ọmọ náà kì í jalè, kì í mutí, àmọ́ gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó rí ọkọ̀ lójú sánmà. Ó ní bí wèrè ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Mọ́láyọ̀, Díkìnnì Olúsànyà, ní kí Gbémiga wá sọ tẹnu rẹ̀ ní Sátidé.

Ẹ̀rù ba Mọ́láyọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìfẹ́ mi, ṣáà sọ pé àwàdà ni.”

Gbémiga mi orí. “Tí mo bá fi irọ́ fẹ́ ẹ, àwa mẹ́ta la máa jọ máa gbé: èmi, ìwọ àti irọ́ náà.”

Nígbà tí Sátidé pé, Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Bàbá bi í bóyá òótọ́ ni.

“Mo rí i, sà. Ọmọ yín ti bá mi jiyàn débi pé ohun tó jẹ́ ò dá mi lójú mọ́. Àmọ́ mo rí i.”

Àǹtí Kòfowórọlá pòṣé, ó ní ṣé òun ò wí bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá Mọ́láyọ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀, rọra kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Mọ́láyọ̀, áńgẹ́lì tí ẹ rí ní ìsìn àìsùn ní Kámpù ìjọ wa, lọ́dún tá a kó dé Mòwé, ta ló tún rí i?”

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé itan.

“Èmi ò rí i,” ni ìyá wí. “Mo gbà yín gbọ́ torí ẹ kì í purọ́ fún mi.”

Bàbá wo ilẹ̀, ó wo ọmọkùnrin tó ṣì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Dìde, ọmọ mi. Sọ fún àwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá mú ọjọ́.”

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Mọ́láyọ̀. Ojú sì tì í pé òun ló ní kí irú ọkùnrin yìí purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sin Gbémiga dé etí títì. Bí ìṣe rẹ̀, Gbémiga gbójú sókè.

“Mi ò tíì gbà pé ọkọ̀ ni o,” ni Mọ́láyọ̀ wí.

“Mo mọ̀.”

Mọ́láyọ̀ fi orí lé èjìká olólùfẹ́ rẹ̀, òun náà sì gbójú sókè.

“Awòràwọ̀ mi,” ó ní, “apá ibo lo tiẹ̀ ní ó wà?”