Tòlótòló Inú Omi Tútù

Ọwọ́yá da omi inú abọ́ rọ́bà nù, ó sì tún gbé abọ́ náà sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀keje rèé láti aago méje àárọ̀. Ìka rẹ̀ ti hunjọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú. Omi tútù bo tòlótòló tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Ó wo aago ara ògiri: mẹ́wàá ààbọ̀. Bó bá di mọ́kànlá, yóò tún pa omi náà dà.

Ọjọ́rú ni ìyá rẹ̀ ti rán an pé kó gbé ẹran náà kúrò nínú fírísà, kó gbé e sínú abọ́ ní ìsàlẹ̀ fíríìjì, kí omi ara rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyá náà wí. "Jẹ́ kó rọra yọ́ títí di Sátidé." Ọmọ náà gbàgbé. Ọwọ́yá ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ sáré parí; èyí tí kò bá sì ṣeé sáré parí, ó máa ń gbàgbé rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀, tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn, kò tíì mọ̀. Aago méjìlá ni yóò ti ibi iṣẹ́ dé.

Sítóòfù wà níwájú rẹ̀. Omi gbígbóná ìkòkò kan péré, ẹran á rọ̀ kíákíá. Ó mọ̀. Ó ti ṣe é rí.

Fàà. Fàà. Ó gbọ́ ìró sálúbàtà tí ẹnìkan ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà ló máa ń wọ́ sálúbàtà bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ọwọ́yá yíjú padà. Kò sí ẹnìkan. Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti kú, ìgbàkígbà tó bá dá wà ní ilé ìdáná ló ń gbọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló wọlé. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, Àǹtí yìí kò fẹnu kan oúnjẹ ilé náà mọ́. "Ọwọ́ ìyàwó wa ló pa ìyá mi," ló ń sọ kiri. Odidi oṣù kan ni ìyá Ọwọ́yá fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá jẹun lónìí.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"O ò tíì dáná? Mo tètè wá kí n lè ràn yín lọ́wọ́, ìwọ sì ń ṣe ẹran bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun!"

"Yìnyín rẹ̀ ni mo fẹ́ kó yọ́, mà."

"Nínú omi tútù? Ọdún wo la máa wá jẹun? Gbé omi kaná, kó o dà á lé e lórí. Ẹyẹ tó ti kú, ṣé omi gbígbóná tún máa pa á ni?"

"Màmá ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ìyá rẹ! Ìyá rẹ náà ló wá di olùkọ́ lórí oúnjẹ?" Ó gbé kẹ́tùlù, ó pọnmi sí i, ó sì na ọwọ́ sí sítóòfù.

Ìró sálúbàtà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ọrùn Ọwọ́yá tutù ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí inú bá sì run ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á tún dá lẹ́bi. Ó di kẹ́tùlù náà mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́dún tó kọjá."

"Ṣe kí ni?"

"Ẹran tí Ìyá Àgbà jẹ. Mo da omi gbígbóná lé e láàárọ̀, mo gbé e síbi fèrèsé, mo sì lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Aago mẹ́rin ni mo tó dé. Òde rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀. Màmá bi mí bóyá inú fíríìjì ló ti yọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà mí gbọ́, ó sì sè é."

"Ṣebí iná ń pa kòkòrò?"

"Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa nígbà náà. Iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí àwọn kan ti tu sínú ẹran, iná kì í pa á. Inú run gbogbo wa, ó sì san. Ìyá Àgbà nìkan ni..."

Àǹtí gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó.

"Odidi ọdún kan ni mo fi ń pe ìyá rẹ ní apànìyàn. O sì ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, mà."

Ní aago mọ́kànlá, Ọwọ́yá pa omi dà. Ní mọ́kànlá ààbọ̀, ó tún pa á dà. Àǹtí ń wò ó.

Ìyá rẹ̀ dé, ó rí àlejò, ó sì kúnlẹ̀ tòun ti báàgì lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé!"

"Dìde, ìyàwó. Ọmọ rẹ ní ọ̀rọ̀ kan. Bó bá sọ ọ́ tán, èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀."

Ọwọ́yá tún sọ ọ́. Kò fi ìkankan pamọ́. Ìyá rẹ̀ di etí tábìlì mú. Odidi ọdún kan ló fi ń gbóòórùn gbogbo ẹran lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e kaná.

"Mo rò pé mi ò jẹ́ kó jinná ni," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Kò gbá a létí. Ó sì wu Ọwọ́yá kó gbá òun. "Parí iṣẹ́ rẹ."

Ó parí rẹ̀. Ó tú ọ̀rá, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹyẹ náà títí dé ìdí: kò sí yìnyín mọ́. Ó fa iwe àti ẹ̀dọ̀ tí wọ́n dì sínú rẹ̀ jáde, ó gbé ẹran kaná lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹran tó bá yọ́ nínú omi, a kì í jẹ́ kó dúró kí a tó sè é. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́, ọ̀bẹ àti ibi ìfọwọ́, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tó gba ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí ẹ bá dákẹ́, orí aláìṣẹ̀ ni ẹ̀bi yóò wà.

"Ìyàwó, foríjì mí," ni Àǹtí ń sọ lẹ́yìn Ọwọ́yá. Ọwọ́yá nu ọwọ́, ó rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì jáde kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.