Àjòjì Tó Dá Mọ́sà Padà

Abọ́ táńgánran ńlá ni Àlàbí kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ó tó rí ọmọbìnrin tó gbé e dání. Mọ́sà kún inú abọ́ náà bámúbámú, wọ́n sì ti wọ́n ṣúgà sí i lórí. Lókè abọ́ ni ojú méjì wà tí ó ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ híjáàbù aláwọ̀ ewé tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sí.

"Ẹ kú Jímọ̀ o," ni ọmọbìnrin náà wí, ó na abọ́ sí i.

Ọjọ́ karùn-ún tí Àlàbí dé Ìlọrin nìyẹn. Ṣàgámù ló ti kó wá, nítorí ṣọ́ọ̀bù kan tó rí gbà ní Ṣàngó ti Ìlọrin, níbi tí yóò ti máa tún fíríìjì ṣe. Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ló ti rí yàrá, ní àdúgbò tí ilé ti fara ti ilé, tí gbogbo ènìyàn mọ bàbá ara wọn, àfi òun nìkan. Láti àárọ̀ ni àwọn tó ń kiri ọjà ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀: ọlọ́ṣẹ, oníwàrà, onígbálẹ̀. Ó ti sú u.

"Èló ni mẹ́rin?" ó bèèrè.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mọ́sà yín." Ó fi ìka tẹ ọ̀kan wò. "Háà, ó mà ti tutù. Ẹ máa gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò rà."

Ọmọbìnrin náà gbé abọ́ lé ìbàdí, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó yí padà lọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Níwájú ilé òdìkejì, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé ní ojúmọmọ.

Ẹ̀rín yẹn kò kúrò lọ́kàn Àlàbí. Kí ló pa ọmọbìnrin yìí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀? Ó jáde lọ bá Bàbá Shehu, aránfìlà tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Shehu.

"O ní kí lo sọ?"

"Mo ní ó ti tutù, Bàbá."

"Yéè! Sàráà ni, ọkùnrin yìí! Òní ló pé ọdún kan tí Sàní kú, ọmọ Alhája Àṣàbí tó wà ní iwájú wa yìí. Ìdájí ni ìyá ti wà nídìí iná tó fọwọ́ ara rẹ̀ dín mọ́sà náà. Ẹni tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gba díẹ̀, á ṣe àdúà fún òkú, ó tán. Ìwọ wá ń ná an!"

"Ní Ṣàgámù, ẹni tó bá gbé sàráà wá á sọ pé sàráà ni."

"Ṣé Ṣàgámù lo wà báyìí ni?"

Àlàbí kò jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Alhája Àṣàbí. Ìyá kò wo ojú rẹ̀. "Ẹni tó ní oúnjẹ ọmọ mi tutù," ni ó wí sí ògiri, "kí ló tún ń wá níbí?" Bàbá Shehu bẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù àdúgbò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò mọ̀ ni. Ìyá ní òun ti gbọ́. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ náà wà fún odidi ọdún kan.

Ọmọbìnrin yẹn, Huda ló ń jẹ́, ọmọ Sàní tó kú. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàngó, nítorí náà ibi kan náà ni òun àti Àlàbí ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ láràárọ̀.

"Ó-ti-tutù, ẹ káàárọ̀ o," bí Huda ṣe máa ń kí i nìyẹn.

"Áńtí Huda, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Kí ló dé tí ilé yín ò ní nọ́ńbà, tí àwọn tó ń wá yín kì í sì í ṣìnà?"

"Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ni nọ́ńbà wa."

"Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò kọ́lé síbẹ̀ ńkọ́?"

"Á ṣìnà ni," Huda wí, ó rẹ́rìn-ín, ó kó sínú kẹ̀kẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni Àlàbí máa ń gbé wá láràárọ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí oníwàrà fi ń fi wàrà sílẹ̀ sínú omi. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ kéú fi ń mi ara síwá sẹ́yìn bí wọ́n bá ń ka wàláà. Èyí tí Huda mọ̀, ó sọ ọ́. Èyí tí kò mọ̀, ó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè nílé, kò sì sọ ẹni tó rán òun. Bí Àlàbí kò bá ní ìbéèrè ní àárọ̀ kan, Huda náà ni yóò bèèrè pé, "Tòní ńkọ́?"

Ọyẹ́ mú. Ní ọjọ́ kan, gbogbo kẹ̀kẹ́ kún, àwọn méjèèjì bá ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ nínú eruku.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ ní Ìlọrin?" Àlàbí bèèrè.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Sàní."

Huda dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè."

"Mo bèèrè."

"Ọmọ náà gbà," ó wí ní ohùn kékeré. "Ṣùgbọ́n Ìyá ò ní gbà. Àlàbí mi, ẹ ò mọ Ìyá. Ẹni tó jí adìẹ wọn gbé kí wọ́n tó bí mi, wọn ò tíì kí i di òní olónìí."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Nígbà tí Bàbá Shehu gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, Alhája Àṣàbí ní ẹni tó ná sàráà Sàní kò lè fẹ́ ọmọ Sàní. Ó ní ta ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n? Ta ló mọ ilé bàbá rẹ̀? Huda kúnlẹ̀ níbẹ̀. "Ìyá, bí ẹ ò bá ṣe àdúà fún mi, mi ò ní lọ sílé ọkọ kankan. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín pé mi ò fẹ́ ẹ."

Nígbà tí Àlàbí gbọ́, inú bí i. Òun náà lágídí. Ọdún kan ó lé tó ti ń bẹ̀bẹ̀ lórí mọ́sà kan ṣoṣo! Ó ní òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní kùtùkùtù kí ojú rẹ̀ má baà kan ojú Huda. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń wádìí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣàgámù. Huda ń dá dúró de kẹ̀kẹ́ láràárọ̀, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan, òun náà kò sì bi ìyá rẹ̀ àgbà ní nǹkan kan mọ́ nílé.

Ní Àlàmísì kan, kẹ̀kẹ́ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàbí. Alhája Àṣàbí ló sọ̀ kalẹ̀. Kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àlàbí ra omi fún un, kò mu ún. Kò mọ ohun tí yóò tún ṣe, ló bá padà kúnlẹ̀ sídìí fíríìjì tó ń tún ṣe.

Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. "Kí lo ń fẹ́ sínú rẹ̀ yẹn?"

"Gáàsì ni, Ìyá."

"Èyí tí a fi ń dáná?"

"Rárá, Ìyá. Èyí ló ń jẹ́ kó tutù." Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gé ètè jẹ.

"Ibo ni òtútù náà ti ń wá?"

"Kò wá láti ibì kankan. Ooru inú rẹ̀ ló ń fà jáde. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìyá fọwọ́ kàn án, ó yára fà á padà. "Ó gbóná!"

"Ooru tó jáde nìyẹn."

Ìyá dìde, ó yí fíríìjì náà po. Ó bèèrè èyí, ó bèèrè tọ̀hún. Bí kò bá yé e, ó ní kí Àlàbí tún un sọ. Àlàbí dáhùn títí iṣẹ́ fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá, ó sì rí ojú Huda nínú ojú rẹ̀.

Ìyá padà jókòó. "Gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ mí ló ní o ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀ pé sàráà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fìka tẹ̀ ẹ́, Ìyá, mo sì ní ó tutù. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀, àfojúdi ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọjà ni mo fẹ́ rà, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ olóúnjẹ."

Ìyá ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Àlàbí wá bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. "Irú èèyàn wo ni bàbá Huda?"

Ọwọ́ ìyá dúró lórí tẹ̀sùbáà. Láti ìgbà tí Sàní ti kú, gbogbo ènìyàn ló ti bá a ṣe àdúà, kò sí ẹni tó bi í ní èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sàní máa ń súfèé nínú balùwẹ̀. Sàní a máa lọ ra iṣu ní Malete fúnra rẹ̀, wọn a rẹ́ ẹ jẹ, a sì máa rẹ́rìn-ín délé. Sàní kò lè gbọ́ kí ọmọ sunkún kó má jókòó tì í. Ìyá ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìborùn nu ojú, títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ó mu omi rẹ̀ nígbà náà. Ó dìde. "Mo ṣì ń bínú sí ọ o."

"Ẹ máa bínú sí mi, Ìyá."

"Inú ilé mi ni n ó ti máa bínú sí ọ. Ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ, kí wọ́n wá."

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì. Láti ẹnu ọ̀nà Alhája Àṣàbí sí ti Àlàbí kò tó ogún ìṣísẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ní ìyàwó kì í kàn sọdá títì bí ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin mú Huda jáde, wọ́n gba iwájú Ọjà-Ọba, wọ́n la gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò kọjá, kí gbogbo ayé lè rí wọn.

Àlàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Kò tíì rí wọn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ orin wọn lẹ́yìn ilé. Obìnrin kan ké láti ojú fèrèsé pé, "Ìyàwó ta lẹ̀ ń sìn lọ yẹn?"

Ohùn Alhája Àṣàbí ló dáhùn, ó ga ju orin lọ. "Ìyàwó Àlàbí ni. Ọmọ ilé wa."

Àlàbí gbọ́ ọ. Ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n lè ríbi wọlé.