Àmúdàtù Kọ̀, Ó Lọ Yọ Rọ́bà Inú Rẹ̀

"Haba, Àmúdàtù! Ìwọ tún ni? Àwa yòókù ò ní ráyè ṣálángá yìí lò láàárọ̀ yìí ni?"

Jemilat, aládùúgbò rẹ̀, ló ń pariwo. Àwọn ayálégbé tó tò sẹ́yìn nínú agboolé náà ní àdúgbò Kawo bú sẹ́rìn-ín. Àmúdàtù ò rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, ó ń ta á, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a jáde.

Òkúta inú kíndìnrín ló ti dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ rí. Ní ọsibítù, Dókítà Mahmud ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ ọ̀nà tó ti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá. Wọ́n yọ òkúta lẹ́yìn náà. Ó ku rọ́bà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún yíyọ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́.

Badrudeen, ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀ ní gáréèjì, ló ní kò gbọdọ̀ lọ.

"Ojú ara ni wọ́n máa gbà yọ ọ́. Ṣé ọkùnrin á tún wo ìhòòhò ìyàwó mi ni? Ìrora òkúta ṣáà ti lọ. Fi í síbẹ̀."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, òtútù mú Àmúdàtù nínú oòrùn gangan. Ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ìhà ń ro ó. Àdíját, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbé ife àgbo dé.

"Mu ún. Ìlọrin ni mo ti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mu. Ọsibítù ni mò ń lọ."

Badrudeen dìde, ó dí ẹnu ọ̀nà. "Pẹ̀lú àṣẹ ta ni?"

Àmúdàtù di ògiri mú, ó nà ró. "Bàbá Kaosarah, bí kíndìnrín mi bá bàjẹ́, ṣé ẹ ó yọ tiyín fún mi? Bí mo bá kú, ṣé wọn ò ní tú mi síhòòhò kí wọ́n tó wẹ̀ mí ni? Ẹ kúrò lọ́nà!"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Jemilat sáré dá takisí dúró, ó sì bá a lọ.

Nígbà tí Badrudeen fi máa dé ọsibítù, omi àti oògùn ti ń kán sínú iṣan ìyàwó rẹ̀. Ló bá kọjú ìbínú sí Hassanat, nọ́ọ̀sì ibẹ̀.

"Rọ́bà yín ló dá àìsàn yìí sílẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìtọ̀ lemọ́lemọ́, títa díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, rọ́bà náà lè fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun à-fi-sílẹ̀ títí. Bó bá pẹ́ jù, ìdọ̀tí inú ìtọ̀ á gan mọ́ ọn lára, á le bí òkúta, á sì dí ọ̀nà. Kòkòrò àrùn lè ti ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń pa ènìyàn."

"Ọkùnrin tó máa yọ ọ́ ńkọ́?"

"Aṣọ á bò ó, èmi náà á sì dúró tì í títí wọ́n á fi ṣe é tán. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti béèrè bẹ́ẹ̀."

Badrudeen fa àga kan mọ́ra. Ó jókòó.

Nígbà tí ibà lọ sílẹ̀, wọ́n yọ rọ́bà náà. Ìdọ̀tí funfun ti gan mọ́ ọn lára bí inú kẹ́tùlù tí wọ́n ti fi ń se omi pẹ́. Kíndìnrín náà yè, ṣùgbọ́n dókítà ní kò lágbára tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"O ti di aláfojúdi," ni Àdíját wí nígbà tí wọ́n délé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Aláfojúdi tó wà láàyè."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi irú rọ́bà yìí sí ọ lára, béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ kí o tó kúrò ní ọsibítù. Bí ara bá tilẹ̀ yá, padà lọ. Máa mu omi bí dókítà bá ṣe ní kí o mu ún. Ṣùgbọ́n bí ibà tàbí òtútù bá mú ọ, bí ìhà bá ń ro ọ́ gidigidi, bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú ìtọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, má dúró de ọjọ́ kankan, má sì fi àgbo dán an wò. Lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá dí ẹnu ọ̀nà, bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá yẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.