Iná Tó Wà Nínú Ilé Ọmọ

Òjò ń rọ̀ ní Kétu bí ẹni pé àdúgbò yẹn nìkan ni wọ́n rán an sí, nígbà tí arẹwà kan já wọ ṣọ́ọ̀bù Táyé. Aṣọ rẹ̀ rin gbindin, omi ń ṣàn nínú bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò kan kò kan kúlà kékeré tó gbá mọ́ àyà. Kúlà ló fi agboòrùn bò. Orí ara rẹ̀, ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Táyé, tó ń tún ìnífátà àti ẹ̀rọ iná ṣe, gbàgbé irin gbígbóná tó fi ń jó òjé. Irin jó tábìlì. Kò mọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ inú báàgì mi yìí, tí mo fi ń wọn iná, ló kọṣẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe tó yín ní gbogbo Kétu."

"Wọn ò purọ́," ni Táyé wí, ẹni tí kò rí irú ẹ̀rọ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. "Iná kí lẹ fi ń wọ̀n? Ti bátìrì?"

"Rárá o." Ó ṣí kúlà. Táyé yọjú wò ó. Táyé fò sẹ́yìn.

"Aunty! Ẹran nìyí!"

"Ilé ọmọ ewúrẹ́ ni."

"Iná sì wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà nínú ẹ̀yin náà. Ṣé ẹ máa tún un ṣe ni àbí kí n máa lọ?"

Kí ó máa lọ kẹ̀! Táyé tún un ṣe. Nígbà tó tún un ṣe tán, ó tú u díẹ̀, kí ó lè rí i tún tún ṣe. Gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin náà bá padà wá, ẹ̀rọ kò tíì yá, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti ń yá díẹ̀díẹ̀.

Fọláyẹmí Ṣóbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣàngísà. Ìwádìí ló ń ṣe kí ó lè gba oyè dókítà, yàrá ìwádìí rẹ̀ sì wà ní Ìkòsí, nítòsí àwọn tó ń pa ewúrẹ́ ní Mile 12. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn iṣan tí kì í dúró de àṣẹ wa: ti ifun, ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, àti ti ilé ọmọ. Lọ́jọ́ tí Táyé gbé ẹ̀rọ lọ fún un, kò lọ sílé mọ́. Ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ń gbọ́rọ̀.

"Iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀," ni Fọláyẹmí wí. "Tí iyọ̀ bá yọ́ sínú omi, á pín sí wóró-wóró tó gbé iná dání. Áyọ́ọ̀nù là ń pè wọ́n. Inú sẹ́ẹ̀lì ni potásíọ̀mù pọ̀ sí, ìta ni sódíọ̀mù pọ̀ sí. Potásíọ̀mù rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì, ló bá ń yọ́ jáde lọ síbi tí wọn ò ti pọ̀. Ṣùgbọ́n pọ́sítíìfù ló ń gbé lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì á wá di nẹ́gétíìfù, nẹ́gétíìfù yẹn á sì máa fà á padà."

"Ó ń lọ, wọ́n ń pè é."

"Títí agbára tó ń lé e jáde àti èyí tó ń fà á padà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Sódíọ̀mù náà ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ti mẹ́ta jáde, tó ń fa potásíọ̀mù méjì wọlé. Kì í sinmi."

"Iná kì í lọ níbẹ̀?"

"Tó bá lọ, ikú nìyẹn."

"Iná yẹn tó fóòtì mélòó?"

"Pín fóòtì kan sí ẹgbẹ̀rún. Nǹkan bí àádọ́ta nínú ẹ̀."

Táyé bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà mi, ìyẹn ò lè tan gílóòbù!"

"Ṣùgbọ́n ó bí ẹ."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Táyé. Ó wo ẹran náà nínú omi iyọ̀ rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó ti ń tún iná ṣe láti kékeré, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Kẹ́hìndé rẹ ńkọ́?" ni Fọláyẹmí bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò la ọjọ́ ìbí wa já. Mummy mi kì í dárúkọ ẹ̀."

Mummy Táyé ń ta aṣọ ọmọ tuntun ní Kétu, ó sì jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì tí àdúrà rẹ̀ máa ń mi fèrèsé. Ìyàwó ló ń bá Táyé gbàdúrà fún. Ìgbà tí ìyàwó wá yọjú, Màríyámọ̀ tó ń ta inú ẹran ní Mile 12 sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyá.

"Mummy Táyé, ìyàwó yín ọjọ́ iwájú, oníbàárà mi ni o. Ilé ọmọ ewúrẹ́ ló máa ń rà. Ó ní kó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ó ń fi ṣe ọbẹ̀ ni?"

"Kì í sè é."

Ó tán! Ìyá pe Táyé. "Ta ní ń ra ilé ọmọ tí kò sè é? Ilé ọmọ ta ló fẹ́ gbà tó bá dé inú ilé mi? Yálà òun tàbí èmi. Tí o bá fẹ́ ẹ, má wá mi débẹ̀."

Táyé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìkòsí pẹ̀lú ojú pípọ́n. Fọláyẹmí gbọ́ ọ tán, ó yí ojú sí ògiri.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Táyé. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí ìyá ọkọ ti ń bẹ̀rù mi. Tí wọn ò bá gbà, a jẹ́ pé ó parí nìyẹn."

Ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ṣí gbàù! Mummy Táyé ló wọlé, ìgò òróró àdúrà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ bọ̀ ni. Ojú rẹ̀ já sí ẹran tó ń fún ara rẹ̀ pọ̀, tó tún ń dẹ̀, nínú omi.

"Jésù! Ó ń mí!" Ẹni tó wá lé ẹ̀mí èṣù sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó na ìgò jáde lábẹ́ abíyá Táyé.

Fọláyẹmí kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró sí i, á ba òṣùwọ̀n jẹ́."

"Kí lò ń fi ilé ọmọ ṣe?"

"Mò ń wá ìdí tó fi máa ń dákẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ma, nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́."

Ìgò náà sọ̀kalẹ̀. Ìyá jókòó láìwo ohun tó jókòó lé.

"Táyé jáde," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò tó ti àdúrà mọ́. "Ó ku Kẹ́hìndé. Ikùn mi bá dákẹ́. Wọ́n ní kí n tì í. Mo tì í, mo tì í. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí, pé ọ̀lẹ mi ló pa ọmọ. Kò sẹ́ni tó pè mí ní ìyá ìbejì rí."

Táyé kò gbọ́ èyí rí.

"Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ma," ni Fọláyẹmí wí. "Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pàṣẹ fún ẹran yìí kó fún ara ẹ̀ pọ̀."

Ìyá wò ó. Ó tún ìdúró ṣe. "Fún ara rẹ pọ̀!"

Ẹran náà kò mira. Ó tún un sọ, fèrèsé mì. Ẹran kò mì.

Fọláyẹmí da omi potásíọ̀mù sí i. Ẹran sún kì, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò sókè.

"Potásíọ̀mù ti pọ̀ níta, ti inú ò lè jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Nẹ́gétíìfù inú bá dín kù, ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù ṣí, kálísíọ̀mù rọ́ wọlé. Òun ló pàṣẹ. Èèyàn lè sọ fún apá pé gbé, kó gbé. Ilé ọmọ kì í gbọ́ ti ẹni tó ni ín. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ma. Ìyá ìbejì ni yín."

Ìyá sunkún. Kì í ṣe ẹkún àriwo. Ẹkún ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Fọláyẹmí dì í mú, ó sì na ọwọ́ kejì fi omi tuntun ṣan ẹran náà, torí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Lójijì ni ìyá kọjú sí Táyé. "Ìwọ! Kí lò ń wò? Ìgbà wo là ń lọ mọ àwọn ará Ṣàngísà?"

"Mummy, ẹ̀yin lẹ ní kí n yàn—"

"Mo ti bá ẹ yàn!"

"Ẹ dúró ná, ma," ni Fọláyẹmí wí. "Kò tíì sẹ́ni tó bi èmi léèrè."

Ìyá fún wọn láàyè, ó lọ tẹ̀ sórí abọ́ omi iyọ̀. Táyé kúnlẹ̀.

"Fọláyẹmí, mi ò kàwé tó ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí o fi hàn mí, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì jókòó tì ẹ́ wò ó. Fẹ́ mi."

Ó la ẹnu láti dáhùn.

"Ẹ dákẹ́!" ni ìyá pariwo, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. "Ó tún ń ṣe é! Kò sẹ́ni tó rán an o! Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run!"

Fọláyẹmí gbé ẹnu sétí Táyé, ó sì dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó má baà dí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.