Orúkọ Ogójì ní Zaluzhye

Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn mi. Yìnyín mu ènìyàn dé orúnkún níta, ṣùgbọ́n kò sí ipasẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bó sì ti ń sọ̀rọ̀ nínú òtútù yẹn, èéfín kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi, Màmá. Ètò ìkànìyàn ni." Ó ṣí ìwé. "Zaluzhye, etí odò Velma. Ilé mọ́kànlá. Ènìyàn kan: Zinaida."

Zinaida aládùúgbò mi jókòó sídìí ààrò, ó ń mu tíì. Àwa méjèèjì péré ló ṣẹ́kù ní abúlé.

"Èmi Lukerya ńkọ́? Ṣé àga ni mí?"

"Orúkọ yín wà níbòmíràn."

Ó fa bébà kan yọ. Àgbélébùú dúdú wà lórí rẹ̀: irú èyí tí à ń fún àlùfáà kí ó lè gbàdúrà fún àwọn òkú. Orúkọ mi ló kẹ́yìn. Ọwọ́ Zinaida ló kọ ọ́.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ìgbà tí ewúrẹ́ yín jẹ kábéèjì mi ni. Mo ní kí ẹ kàn rù díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onínú burúkú ń ṣe lọ́dọ̀ wa: wọn a kọ alààyè mọ́ òkú kí ó lè máa joro lọ.

"O pa mí nítorí kábéèjì?"

"Kábéèjì ọ̀hún tóbi, ẹ̀gbọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan kì í ṣe abúlé. Bí ẹ bá ti bá mi lọ, a ó pa Zaluzhye rẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀. Igbó á bo ibojì yín. Ẹ dìde."

Mo dìde lóòótọ́, àmọ́ iwájú àwòrán Olúwa ni mo lọ. Mo mú bébà alágbélébùú pupa, ti àwọn alààyè. Mo kọ Lukerya. Mo kọ Zinaida, aláìmoore. Mo kọ Prokhor ọkọ mi, tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ogún ọdún. Mo kọ Yermolai, mo kọ Pelageya, gbogbo itẹ́ òkú wa pátá, ẹni méjìdínlógójì.

"Òkú nìwọ̀nyẹn!"

"Ìwé Mímọ́ ní Ọlọ́run kì í ṣe Ọlọ́run òkú. Ta ni ìwọ tó fẹ́ mọ ènìyàn kà ju Ẹlẹ́dàá lọ? Ní orúkọ Jésù, kọ wọ́n!"

Ó tún ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ orúkọ tó kẹ́yìn, n kò sì rí i mọ́. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, katakata la ọ̀nà wá, ọkọ̀ búrẹ́dì tẹ̀lé e. Awakọ̀ ní wọ́n ní kí òun já ogójì sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ló máa jẹ ẹ́?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Zinaida sọ ọ́ sí mi létí.

"Àwọn tí a kọ."

A tò ó sórí pákó níwájú ilé, a wọlé lọ gbàdúrà. Nígbà tí a jáde, méjì péré ló kù: tèmi àti tirẹ̀.