Orúkọ Ta Ló Wà Lára Ìwé Àjẹ̀ Awóyè?

Ohun tí Muzammil wá tọ́jú gan-an ló ń bà jẹ́ nígbà tí Ṣàkírà kọ́kọ́ fojú kàn án. Àjẹ̀ ìtukọ̀ àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹja sí lára, èyí tí òkun hú jáde ní Awóyè, ló tẹ́ sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ wá pa igi wa?"

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé l'Ákùúrẹ́ ló rán mi. Ìwé ló ní kí n sá a."

"Ìwé yẹn mọ iyọ̀? Igi tó mu omi òkun, abẹ́ òjìji là ń gbé e sí, ká fi ẹní tútù wé e. Oòrùn á là á bíi gìgísẹ̀ arúgbó."

"Ẹ kọ́ mi, olóhùn líle."

"Ẹ gbé e kúrò ná, kẹ́ ẹ tó máa pọ́n mi."

Oṣù méjì ni wọ́n jọ fi ń rẹ ẹní. Ṣàkírà ń sọ, Muzammil ń kọ, ìfẹ́ sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Sàláúdéènì agbẹ́kọ̀, bàbá Ṣàkírà, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra.

"Ọ̀mọ̀wé kan ti jókòó síbẹ̀ yẹn rí. Mo fi gbogbo iṣẹ́ hàn án. Ó kọ ọ́ síwèé. Wọ́n ní àfi ká san dọ́là ká tó kà á. 'Agbẹ́kọ̀ kan' ni wọ́n pè mí níbẹ̀. Ìwọ náà ti kó ọ̀rọ̀ wa sápò, o tún fẹ́ kó ọmọ mi."

Ẹ̀yin èèyàn, irọ́ ni bàbá pa? Òkun ń jẹ ilé wa, ọ̀mọ̀wé ń jẹ ẹnu wa, wọn ò sì dúpẹ́ oúnjẹ.

"Ẹ má bẹ̀ wọ́n," ni Ṣàkírà wí fún Muzammil. "Ẹ lọ tún un ṣe, ẹ kọ orúkọ wọn síwèé."

Ọ̀gá Muzammil l'Ákùúrẹ́ ní àwọn kì í kọ orúkọ ará abúlé síwèé. Muzammil fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kọ ìwé ìtọ́jú àjẹ̀ náà ní Yorùbá, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbé ẹ̀dà ogún wọ ọkọ̀ ojú omi wá s'Áwóyè. Orúkọ Sàláúdéènì ló ṣíwájú.

Bàbá kà á tán. "Ojú ewé kẹta kò pé. Omi òkun la kọ́kọ́ fi ń rẹ ẹní. Omi òjò ló ń tẹ̀ lé e."

Muzammil tún un kọ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá pa ìwé náà dé. "Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀."

Muzammil yíjú sí Ṣàkírà. "Orúkọ tìrẹ nínú ìwé ńkọ́? Ṣé kí n fi tèmi tì í lẹ́yìn?"

"Ti bàbá mi ni kẹ́ ẹ kọ. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Èmi lẹ ó fẹ́, ẹ ò ní fẹ́ iṣẹ́ wa mọ́ mi."

Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Ṣàkírà Sàláúdéènì.